Táyà Alùpùpù Haleem

Ẹnu Ọwá,
Ìsàlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ Àlàmísì.

Olúwatóbi ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Modúpẹ́ ìyá rẹ. Mo ní ìrètí pé ara yín le ní Ìjẹ̀bú-Òde, àti pé oúnjẹ ń wọ ọ́ lẹ́nu. Ẹsẹ̀ tó ń dùn mí kò tíì san, ṣùgbọ́n kì í ṣe tìtorí rẹ̀ ni mo fi ń kọ̀wé. Ìgbà méje ni mo pè ọ́ lórí fóònù tí o kò gbé e. Mi ò bínú. Bó bá jẹ́ èmi ni, mi ò ní gbé e.

Ó pé ọjọ́ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n lónìí tí a sin Haleem ọmọ mi, ọ̀rẹ́ rẹ. Wọ́n ní ẹni ọmọ sin ló bímọ. Èmi tí mo wá sin ọmọ ńkọ́? Bí alùpùpù bá kọjá ní títì, màá dìde, màá tún jókòó.

Gbogbo agboolé ló mọ̀ pé ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa ń tún alùpùpù ńlá yẹn ṣe fúnra yín, pẹ̀lú ìwé tó bá a wá. Èmi ni mo sọ yín ní mẹkáníìkì alákọ̀wé. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú ìrìnàjò Haleem sí Ìlọrin, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ẹ pààrọ̀ páàdì bíréèkì, ẹ fa ṣéènì le bí ìwé ṣe wí, ẹ sì wọn afẹ́fẹ́ táyà. Ẹ da ọ́ìlì àtijọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ gbé e sí ẹ̀bá ògiri. Kò sí ohun tí ẹ gbàgbé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, lẹ́yìn tí o ti lọ, tí Haleem náà sì jáde lọ dágbére fún àwọn èèyàn, mo ri àkísà bọ inú kẹ́ẹ̀gì yẹn, mo fi kun táyà méjèèjì. O mọ̀ pé ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo fi wa takisí. Láyé ìgbà tiwa, awakọ̀ tó bá lọ ọ̀nà jíjìn láìkun táyà, ẹlẹ́gbin ni. Ẹ̀gbẹ́ nìkan là ń kùn lára mọ́tò, nítorí ara mọ́tò bo ìyókù. Ti alùpùpù, gbogbo rẹ̀ ló hàn síta, mo bá kùn ún yí ká, títí kan ibi tó ń tẹlẹ̀. Inú mi ń dùn. Mo fẹ́ kí Haleem rí i nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́.

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa tó fi gbéra lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Ní kọ́nà tí wọ́n ń gbà gun afárá, alùpùpù yọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo lọ gba alùpùpù náà ní àgọ́ ọlọ́pàá, ọ̀gá kan fi ìka kan táyà, ó ní, "Baba, ta ló fi ọ́ìlì kun èyí?" Mo ní mi ò mọ̀.

Níbi fídáù ọjọ́ kẹjọ, Hàwáwù ẹ̀gbọ́n Haleem nàka sí ọ lójú gbogbo èèyàn: "Ìwọ lo tú bíréèkì àbúrò mi, bóyá o ò tiẹ̀ dè é padà." O wo ojú mi, Tóbi. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà níbẹ̀, mo ń ka tẹ̀sùbáà. O dìde, o jáde, mo sì jẹ́ kí o lọ.

Wọ́n sọ fún mi ní Jankara pé o da gbogbo sípánà rẹ sínú ọ̀sà kí o tó kúrò l'Ékòó, pé o ṣì ń bi ìyá rẹ léèrè bóyá bóòtù kan wà tí o kò dè. O dè é. Èmi ni mo pa ọmọ mi.

Ní Àlàmísì tó ń bọ̀, níbi àdúrà ogójì ọjọ́, màá dìde láàárín wọn, màá sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ fún ọ yìí. Mi ò lẹ́nu láti ní kí o wá. Bí o bá wá, ẹ̀gbẹ́ mi ni wàá jókòó sí.

Kí Ọlọ́run tí àwa méjèèjì ń pè tù ọ́ nínú. Kó má jẹ́ kí ọwọ́ rẹ gbàgbé iṣẹ́ tó mọ̀. Ọmọ rẹ ni yóò sin ọ́.

Èmi ni baba rẹ tó jẹ̀bi rẹ,
Yaqub, Baba Haleem.

Àfikún: Mo ka lẹ́tà yìí fún Àlímọ̀t, ìyá Haleem, kí n tó lẹ̀ ẹ́ pa. Mo rò pé yóò figbe ta. Ó ní òun ti mọ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú, nígbà tí òun fọ jalabíà mi tí òun rí ọ́ìlì lápá rẹ̀. Ó ní òun dákẹ́ kí òun má baà pàdánù ọmọ kí òun tún pàdánù ọkọ, òun sì mọ̀ pé ọmọ ẹlòmíràn ló ń ru ẹrù náà. Ó ní kí n bá òun bẹ̀ ọ́.