Ọmọ Tí O Bèèrè Ọ̀sẹ̀ Rẹ̀

Moshie Zongo,
Kumasi, Gold Coast.
Oṣù Fẹ́búárì, 1956.

Sànúsí ọmọ mi,

Àsàláàmù àlékùmù. Mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta, mo kí ọ kú oòrùn Tamale. Ara mi le, àyàfi orúnkún òsì tó ń dùn mí bí mo bá jókòó pẹ́ ní ìsọ̀. Mo gbàdúrà pé kí lẹ́tà yìí bá ọ ní àlàáfíà, nítorí ẹni tí ara rẹ̀ dá ló lè gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ. Cornelius akọ̀wé ló ń bá mi kọ ọ́. Ó fẹ́ fi oyin sí i, mo ní kó kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Lẹ́tà tí o fi rán Jùnáídù ọ̀rẹ́ rẹ dé ọwọ́ mi. O ní kí n sọ iye ọ̀sẹ̀ tí ọmọ rẹ ti pé fún ọ, àti ohun tó ti lè ṣe, kí o lè mọ irú bàtà tí o máa rà fún un bí o bá ń bọ̀ wá wò ó. Mo ní kí Cornelius ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. "Ọmọ mi" ni o kọ síbẹ̀. Inú mi dùn, inú náà sì bà jẹ́.

Ṣé o rántí pé o ti ka ọ̀sẹ̀ ọmọ yìí rí? Ẹ̀yìn Iléyá ni Sùwéébátù ìyàwó rẹ ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé bá wa, lẹ́yìn tí wọ́n ti so yìgì yín nílé. Kí oyún tó hàn dáadáa, o ti di ẹrù aṣọ, o ti gba Tamale lọ. Nígbà tí Jùnáídù wá sọ fún ọ pé ìyàwó rẹ ti bímọ, o jókòó, o fi ìka kà á, kò pé oṣù mẹ́sàn-án. O ránṣẹ́ pé oyún ló gbé wá láti ilé bàbá rẹ̀, kí a má fi orúkọ rẹ pe ọmọ náà. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ gan-an ni iṣẹ́ yẹn dé, àwọn áfáà ti jókòó, àgbò ti wà lórí ìso. Èmi obìnrin ni mo dìde láàrin àwọn ọkùnrin, mo ní kí wọ́n pè é ní Mùníratù ọmọ Sànúsí. Ojú tì mí débi pé mi ò lè jẹ nínú ẹran náà.

Ká ní o wà nílé ni, o ò bá má ti kà rárá, ojú lo ò bá fi wò ó. Ọmọ náà kò wúwo tó adìyẹ tí wọ́n ń tà lọ́jà Krofrom. Èékánná rẹ̀ kò tíì dé orí ìka, irun wẹ́wẹ́ bo èjìká rẹ̀, kò sì lè fa ọyàn. Òwú la fi wé e, ìgò omi gbígbóná la tò tì í, ìyàwó rẹ ń fún omi ọyàn sínú ṣíbí, ó ń kán an sí i lẹ́nu. Sister Esi, agbẹ̀bí tó ń wo àwọn ọmọ ọwọ́, sọ fún wa pé ó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ rẹ̀. Ó ní ọ̀nà méjì ni kí a máa gbà ka ọjọ́ orí rẹ̀, ọ̀kan láti ọjọ́ tó dé, èkejì láti ọjọ́ tó yẹ kó dé. Èkejì yìí ni kí a fi máa wo ohun tó ń ṣe, kí àyà wa má baà máa já.

Mi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo mọ Akwasidae. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà ni Ọjọ́ Àìkú tí àwọn ará Ashanti fi ń lọ kí ọba wọn láàfin Manhyia máa ń yí po, kò sì sí ẹni tó ń tajà ní Kumasi tí kì í fi í ka ọjọ́. Akua, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, bí Kwasi ní Ọjọ́ Àìkú. Sùwéébátù bí tirẹ̀ ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, òun ni Akua fi ń pè é ní Abena, orúkọ ọmọ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun lédè wọn. Kwasi rẹ́rìn-ín, tiwa ń wo òrùlé. Kwasi gbé ọrùn dúró, ọrùn tiwa ń yẹ̀. Àmọ́ bí Akwasidae bá ti yí po lẹ́ẹ̀kan, ohun tí Kwasi ṣe ni tiwa náà máa ṣe. Èmi ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín sí.

Àwọn ará ilé tó ń sọ pé ọmọ náà ti gbó nínú kó tó jáde, àwọn náà ló tún ń sọ pé ọ̀dẹ̀ ni, pé kò mọ ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀. Mo bi wọ́n pé bó bá gbó bí wọ́n ṣe wí, kí ló dé tí kò bá Kwasi rẹ́rìn-ín? Ìlọ́ra tí wọ́n fi ń bú ọmọ yẹn ni ẹlẹ́rìí ìyá rẹ̀.

Mo fi gbogbo èyí ránṣẹ́ sí ọ. Cornelius kọ ọ́, Àúdù awakọ̀ tún fi ẹnu rò ó fún ọ. O ò dáhùn. Ìgbà tí Jùnáídù wá lóṣù tó kọjá, tó rí i pé iwájú orí rẹ àti etí rẹ ni ọmọ náà gbé, ìgbà yẹn lo tó gbà. Bó bá jẹ́ ìyá rẹ̀ ló jọ ńkọ́? Ó dùn mí pé o gba etí ọmọ ọwọ́ gbọ́ ju ẹnu ìyá rẹ lọ.

Sùwéébátù kò bú ọ rí. Lọ́jọ́ kan tó ń wẹ ọmọ, ó bi mí pé, "Ìyá, tó bá tún pẹ́ kó tó rìn, ṣé wọ́n á tún wí?" Akua ló dá a lóhùn pé, "Ɛbɛyɛ yie, yóò dára." Kò dára. Sùwéébátù ránṣẹ́ sílé, Bákàrè ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì wọ ọkọ̀ wá. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, ó ní, "Ìyá, a ò bá yín jà. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ kà tí kò pé, lọ́dọ̀ tiwa ó pé." Mo lè ké sí àwọn àgbà Zongo kí wọ́n dá wọn dúró, ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ wí? Ìwọ fúnra rẹ lo ní kì í ṣe tìrẹ. Mo bá wọn di ẹrù, mo pọn ọmọ náà dé ibùdókọ̀. Wọn ò tíì lọ tó ọ̀sẹ̀ kan tí Jùnáídù gbé lẹ́tà rẹ dé.

Nítorí náà, má ra bàtà. O bèèrè ọ̀sẹ̀. Láti ọjọ́ tó dé, ó ku díẹ̀ kó pé àádọ́ta. Láti ọjọ́ tó yẹ kó dé, yọ mẹ́fà kúrò. Láti ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ gbà pé òun ló bí i, kò tíì pé mẹ́ta. O bèèrè ohun tó lè ṣe. Ó ń rá, ó ń pàtẹ́wọ́, ó sì ń pe "baba, baba" sí ẹnikẹ́ni tó bá dé fìlà. Ní ibùdókọ̀, Bákàrè ló jẹ́ ẹ.

Bí o bá fẹ́ rí i, Ògbómọ̀ṣọ́ ni kí o lọ, kí o sì pẹ́ lórí ìdọ̀bálẹ̀. Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ lọ́nà, kó jẹ́ kí ọjà rẹ tà, kó má sì jẹ́ kí o tún fi ìka ka ọmọ tó bá tún fún ọ. Àmín.

Èmi ni ìyá tó bí ọ, tí kò kà ọ́ kó tó gbà ọ́,
Ojúọlápé.

Mo gbàgbé: Bí Cornelius ṣe fẹ́ lẹ ìwé yìí pa ni Akua ké sí mi láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Akwasidae ni òní. Kwasi fi ògiri sílẹ̀, ó rìn wá bá mi. Mo gbé e, mo sì sunkún sí i lórí. Ní Akwasidae tó ń bọ̀, Mùníratù náà yóò rìn. Àgbàlá àwọn Bákàrè ni yóò ti rìn, èmi ò ní sí níbẹ̀, ìwọ náà ò sì ní sí níbẹ̀.