Ẹ̀rọ Tó Ń Kí Bàálé

Gàríkì, Àbújá.
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹfà, ọdún 1988.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Ṣé ara yín le, ṣé orúnkún tó ń dùn yín ti fúyẹ́? Ẹ bá mi kí ìyá mi àti gbogbo agbo ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Èmi náà wà ní àlàáfíà, àfi ojú tó ń ta mí.

Ẹ béèrè nínú lẹ́tà yín pé iṣẹ́ wo gan-an ni ìjọba ń sanwó fún mi lé lórí. Bàbá, kọ̀ǹpútà alágbára là ń kàn. A fẹ́ kó gba ìròyìn afẹ́fẹ́ àti ooru láti ìlú púpọ̀, kó sì sọ ibi tí òjò yóò rọ̀ sí. Ìṣirò náà ju agbára kọ̀ǹpútà kékeré kan lọ, ńlá tó lè dá a ṣe kò sì sí ní àrọ́wọ́tó wa. Ni a bá so kéékèèké pọ̀ kí wọ́n jọ ṣe é, bí ẹ ṣe máa ń bẹ ọ̀wẹ̀ nígbà ìkórè.

Jàbárù, ọmọ Ìwó tó ń tún rédíò ṣe kó tó wọ yunifásítì, ló tú wọn palẹ̀, tó fi òjé jó wáyà wọn pọ̀. Èmi ni mo kọ àwọn àṣẹ tí wọ́n ń tẹ̀ lé. A fi ọ̀kan ṣe olórí, a pè é ní Bàálé. Nígbà tí a kọ́kọ́ dán an wò, ó sọ fún wa pé òjò ń bọ̀ ní Gàríkì. Òjò ọ̀hún ti pa wá, aṣọ wa tilẹ̀ ti fẹ́ gbẹ.

Ọ̀gá wa, Alájì Yínúsà, kò fi bò. Ó ní, "Àlímátù, òjò tó bá ti rọ̀ tán, èmi náà lè sọ ọ́." Ó ní bí ẹ̀rọ náà kò bá yára títí di Ọjọ́rú, òun á kó o sí sítọ̀, òun á sì pín wa sí ọ́fíìsì mìíràn. Bàbá, ọkàn mi bàjẹ́.

Jàbárù ní kí n yé tẹ nǹkan, kí n kàn máa wò ó. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní iná tó ń tàn bó bá ń ṣiṣẹ́. Iná Bàálé kò sinmi, ṣùgbọ́n tàwọn yòókù kàn ń tàn lọ́kọ̀ọ̀kan ni, wọn a sì kú. Ó bi mí pé, "Kai, kí ni wọ́n ń dúró dè?" Ni ẹ̀rín bá pa mí. Ìkíni ni, Bàbá! Mo ti kọ ọ́ pé kò sí èyí tó gbọdọ̀ ṣe ohunkóhun láìkọ́kọ́ kí Bàálé, kó sì gba èsì. Bó bá fẹ́ bá aládùúgbò rẹ̀ sọ̀rọ̀ pàápàá, ọ̀dọ̀ Bàálé ni yóò gbà. Ilé yín gẹ́lẹ́ ni mo kọ́ sínú ẹ̀rọ. Ẹ rántí bí a ṣe máa ń tò sí ẹnu ọ̀nà yàrá yín láàárọ̀, títí oòrùn á fi mú. Jàbárù ní, "Ọmọlúàbí ni wọ́n, àmọ́ wọn ò ní ṣiṣẹ́ tán láyé."

A yí i padà. Aládùúgbò ń bá aládùúgbò sọ̀rọ̀ tààrà báyìí. Ìgbà tí iṣẹ́ bá parí ni wọ́n tó ń mú èsì lọ fún Bàálé. Ó ṣe mí bíi pé mò ń kọ́ ọmọ ní ìwàkiwà. Ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo iná tàn pọ̀, mo pariwo.

Òní ni Ọjọ́rú náà. Alájì dé nínú agbádá funfun. Ọ̀sán kò tíì pọ́n tí ẹ̀rọ fi dáhùn pé òjò yóò rọ̀ ní Kwali kí ilẹ̀ tó ṣú. A jọ wo ojú ọ̀run, kò sí ìkùukùu kankan. Alájì rẹ́rìn-ín, ó ní Kwali gan-an lòun ń lọ, òun á bá wa kí òjò náà. Mo jókòó, mò ń kọ lẹ́tà yìí. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rọ wa mọ òótọ́, àbí ó kàn mọ̀ ọ́n sọ kíákíá ni. Ìyẹn ló ń jẹ mí lọ́kàn jù.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa, kí òjò ọdún yìí ṣe oko yín lóore. Bí mo bá délé, màá ṣì tò sí ẹnu ọ̀nà yín o. Ẹ̀rọ nìkan ni mo yọ̀ǹda fún.

Èmi ni ọmọ yín,
Àlímátù.

Àfikún: Alájì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni. Agbádá rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára, omi ń kán láti orí fìlà rẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó gba iwájú wa kọjá, ó dúró ti ẹ̀rọ, ó ní, "Ti ọ̀la ńkọ́?"