Ọta Tí Mo Kọ̀ Láti Tà fún Ọlátúbọ̀sún

                                        Ojúlé Kejìlélógún,
                                        Òkè-Ìlá,
                                        Adó-Èkìtì.
                                        Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Ẹrẹ́nà, 1999.

Kúdírát, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà ní Ṣakí? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Ìyá ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ sì kú ìpalẹ̀mọ́ Iléyá. Ní tèmi, ara mi le, Àlùhámúdúlílàhì. Mo ń jẹun, mo sì ń sùn dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan nílùú yìí kò fẹ́ kí n máa sùn.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo bínú sí ọ díẹ̀ kí n tó rẹ́rìn-ín. O ní kí n lọ kúnlẹ̀ bẹ àwọn ọdẹ, pé obìnrin ni mí, pé ìlú onílùú ni mo wà, pé ọkọ tó lè gbèjà mi ti kú. Gbogbo rẹ̀ ni mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu àwọn èèyàn lo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, o kò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Jókòó dáadáa kí n rò ó fún ọ.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí Bàbá Dámilọ́lá ti kú ni mo ti ń dá tajà ní ìsọ̀ wa lẹ́yìn Ọjà Ọba. Ẹ̀tù ni mo ń tà, àti ọta ṣakabùlà, àti kátíríìjì, pẹ̀lú ọta ráífù fún àwọn díẹ̀ tí ìjọba fún níwèé àṣẹ. Orí ilẹ̀ ẹgbẹ́ ọdẹ ni ìsọ̀ náà wà. Mo ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé Ìyá Ẹlẹ́tù ni gbogbo èèyàn ń pè mí, àwọn mìíràn ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo ní orúkọ.

Lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀ ni ẹfọ̀n kan já wọ àwọn oko tó wà lọ́nà Ìlawẹ̀. Akọ ni, ó sì tóbi. Ó sọ àkùrọ̀ àwọn èèyàn di ilé ara rẹ̀, ó ń tẹ ẹ̀fọ́ àti àgbàdo ọ̀gbẹlẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì lé obìnrin kan gun orí àpáta, ibẹ̀ ni ìyẹn wà títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Ẹgbẹ́ ọdẹ ní àwọn ó lọ pa á. Ọlátúbọ̀sún ni wọ́n fi ṣíwájú, nítorí òun ló jogún ráífù bàbá rẹ̀.

Oríṣi méjì ni ọta ráífù tí mo ń tà. Ọ̀kan wà tó jẹ́ òjé rírọ̀ ló wà lórí rẹ̀. Bó bá ti wọ ara ẹran, ó máa ń fẹ̀, á ya ẹran náà nínú, kì í sì í jáde. Ó dára fún àgbọ̀nrín gan-an, ibi tí wọ́n bá ti yìn ín náà ló máa ṣubú sí. Èkejì, bàbà líle ni wọ́n fi bò ó lórí. Kì í fẹ̀, ṣe ló máa ń lọ tààrà. Awọ ẹfọ̀n nípọn, eegun èjìká rẹ̀ sì le. Bí o bá yin olórí rírọ̀ sí i léjìká, ara eegun yẹn ló máa fọ́ sí, kò ní dé ibi ẹ̀dọ̀fóró. Olórí líle ló lè la eegun náà kọjá. Bàbá Dámilọ́lá ló kọ́ mi, èmi náà sì ti fi ojú ara mi rí i lára ẹran tí wọ́n ń gbé kọjá níwájú ìsọ̀ mi.

Olórí rírọ̀ ni Ọlátúbọ̀sún wá bèèrè. Kì í ṣe pé kò mọ̀ o, Kúdírát, ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Àṣà ẹgbẹ́ wọn ni pé bí ẹran ńlá bá kú, wọ́n á là á níwájú gbogbo ọdẹ, ẹni tí wọ́n bá sì bá ọta rẹ̀ nínú ẹran náà ló ni orí àti itan kan. Olórí líle máa ń gba ara ẹran jáde, á bọ́ sínú igbó, ẹni tó yìn ín kò sì ní ẹlẹ́rìí mọ́. Ọlátúbọ̀sún ti fi olórí líle pa ìmàdò kan rí. Ẹlòmíràn tó yin ọta wẹ́wẹ́ sí i nídìí ló gbé orí lọ. Láti ọjọ́ náà ló ti búra pé òun ò ní lò ó mọ́.

Mo ní bó bá jẹ́ ẹfọ̀n ló fẹ́ lọ yìn, n kò ní ta olórí rírọ̀ fún un. Ó kọ́kọ́ rò pé mo ń ṣàwàdà. Nígbà tó rí i pé ojú mi le, ó ní, “Ìyá Ẹlẹ́tù, ùbọn mi ni, ugbó ulé baba mi ni. Kí ló kàn yín níbẹ̀?” Mo ní ohun tó kàn mí ni pé mo mọ ìyàwó rẹ̀. Ó kó owó rẹ̀, ó lọ rà á ní Àkúrẹ́.

Ó yìn ín sí ẹfọ̀n náà léjìká lóòótọ́. Wọ́n ní ẹran náà ta gìrì, ó ṣubú, inú wọn dùn, àfi bó ṣe dìde tó sì kọjú sí Ọlátúbọ̀sún. Ó ṣẹ́ ẹ nítan, ó fi ìwo ya ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì gbé egbò tirẹ̀ padà wọ igbó. Ilé ìwòsàn ni wọ́n gbé Ọlátúbọ̀sún lọ. Ọlọ́run ni kò jẹ́ kó kú. Láti ọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni kò tó bẹ́ẹ̀ kó lọ sóko lọ́nà Ìlawẹ̀.

O lè rò pé wọ́n á wá sọ fún mi pé òótọ́ ni mo sọ. Rárá o. Wọ́n ní ẹnu mi ló ṣe é. Wọ́n ní obìnrin àjèjì fi ẹnu burúkú sin ọdẹ lọ sígbó, pé ká ní mo tà á fún un láìwí nǹkan kan ni, ẹfọ̀n náà ì bá ti kú. Baba Olúwọlé, olórí ọdẹ, ránṣẹ́ pè mí sí gbọ̀ngàn wọn. Mo kúnlẹ̀ kí wọn bó ṣe yẹ, mo sì dìde. Baba ní kí n padà sórí ìkúnlẹ̀, kí n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹgbẹ́.

Mo ní, “Baba, torí ìkíni ni mo ṣe kúnlẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ kò sí lẹ́nu mi.”

Ariwo ta. Mo tún fi kún un pé ẹnu mi kọ́ ló ṣe Ọlátúbọ̀sún léṣe, bí wọ́n ṣe ń pín ẹran wọn ló ṣe é, pé nítorí orí ẹran ni èèyàn ṣe gbé ọta tí kò tọ́ lọ bá ẹfọ̀n. Baba ní bí n kò bá bẹ̀bẹ̀, kí n kúrò lórí ilẹ̀ wọn kí oṣù tó parí. Èmi kò dúró de oṣù kankan. Mo kó ẹrù mi lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ̀rù ẹ̀tù ń ba ọlọ́mọlanke tó kó o wálé, ó ń rìn bí ẹni tó ru ẹyin.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Akínyẹlé, àbúrò Ọlátúbọ̀sún, wọlé tọ̀ mí wá ní ọ̀sán gangan. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ní kí òun gbé ráífù, kí òun lọ parí iṣẹ́ náà, kí òun sì wá ra olórí líle lọ́wọ́ mi. Mo bi í bóyá ó mọ̀ pé orí ẹfọ̀n náà kò ní jẹ́ tirẹ̀. Ó ní, “Mo mọ̀, ìyá. Kí ará oko rọ́nà lọ sóko ni mo ń wá.” Mo tà á fún un. Bí mo bá fi ìbínú kọ̀, àwọn alákùrọ̀ ni ìyà máa jẹ, àwọn yẹn kò sì ṣẹ̀ mí.

Ẹfọ̀n náà kú lọ́jọ́ kejì. Ọta Akínyẹlé gba èjìká kan wọlé, ó gba èkejì jáde, wọn ò rí i. Èyí tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n la ẹran náà ni òjé Ọlátúbọ̀sún, ó fọ́ pẹlẹbẹ sára eegun. Ni wọ́n bá ní Ọlátúbọ̀sún ló ni orí. Òun ní wọn ò gbọdọ̀ gbé e dé ilé òun, kí wọ́n fún àbúrò òun. Wọ́n ní àṣà kò gbà bẹ́ẹ̀. Orí náà wà ní gbọ̀ngàn títí tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í rùn.

Nísinsìnyí Baba ti tún ránṣẹ́. Wọ́n ní kí n wá kúnlẹ̀ ní pálọ̀ wọn, ẹnì kankan kò ní sí níbẹ̀, wọn ó sì dá ìsọ̀ mi padà. Kúdírát, mo rò ó. Níbí tí mo wà yìí, ọjọ́ mìíràn wà tí ẹnikẹ́ni kì í yà, ó sì ń dùn mí. Ṣùgbọ́n bí mo bá kúnlẹ̀, kódà nínú òkùnkùn, mo ti gbà pé mo jẹ̀bi nìyẹn. Bí ẹlòmíràn bá wá bèèrè olórí rírọ̀ fún ẹfọ̀n, ẹnu wo ni n ó fi sọ pé rárá? N ó tà á fún un, n ó dákẹ́, òkú rẹ̀ ni wọn ó sì gbé wálé. N kò ní ṣe é.

Nítorí náà, má fi owó obì tí o ní kí n fi bẹ̀ wọ́n yẹn ránṣẹ́. Fi kún owó àgbò yín. Bí o bá sì fẹ́ wá, wá kí mi, má wá bá mi bẹ ẹnikẹ́ni. Bá mi kí ọkọ rẹ àti ìyá, kí o sì sọ fún Ọpẹ́yẹmí ọmọ rẹ pé mo gbọ́ pé ó yege, inú mi dùn.

Lánàá mo pàdé Baba Olúwọlé ní Ọjà Ọba. Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Ẹ kú àárọ̀, Baba.” Wọ́n dáhùn, ṣùgbọ́n wọn ò kọjá lọ. Wọ́n dúró, wọ́n ń wojú mi, wọ́n ń retí kí n fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Àwọn tó wà nítòsí ń wò wá. Mo dìde, mo gbọn eruku kúrò lára ìró mi, mo sì bèèrè iye tí wọ́n ń ta ata.

                                        Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kò bẹ̀bẹ̀,
                                        Àmínát.