Àgò Lẹ́nu Géètì Ọ̀gbẹ́ni Farrant

Judith, ọmọ mi,

Mo kí ọ kú òjò, mo kí ọ kú òtútù, mo sì kí ọ kú iṣẹ́ ọ́fíìsì tí kì í tán. Mo ń gbàdúrà pé kí ilé gíga tí ò ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù má jò, kí ọ̀rinrin má sì wọ̀ ọ́ láyà bí ó ṣe máa ń wọ bàbá rẹ láyà nígbà ayé rẹ̀. Bí o bá ń bèèrè tiwa ní Hopesley, òjò ni. Ó rọ̀ lánàá, ó ń rọ̀ bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ojú ọ̀run sì ti ṣú de ọ̀la. Pickle, ajá wa, ń kí ọ. Orí ẹsẹ̀ mi ló dùbúlẹ̀ sí, ó ń rùn bí àgùntàn tí òjò pa, ṣùgbọ́n ó ń mú ẹsẹ̀ mi móoru, nítorí náà mi ò lé e.

Kí o má baà rò pé mo ti gbàgbé rẹ, mò ń pè ọ́ lórí fóònù tí o rà fún mi. Inú agolo búrẹ́dì ni mò ń tọ́jú rẹ̀ sí kí òtútù má baà mú un, gbogbo ọjọ́ Sunday lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni mo sì ń gbé e jáde. Ọmọbìnrin tó ń bá ọ gba fóònù ló máa ń dá mi lóhùn. Á ní o kò sí nítòsí, pé kí n sọ ohun tí mo bá fẹ́ sọ lẹ́yìn tí nǹkan kan bá ti dún. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni, bó ti wù kí n pè tó, kì í kanra mọ́ mi. Ṣùgbọ́n mi ò lè máa kó ọ̀rọ̀ ìyá àti ọmọ sétí ẹni tó ń gba owó oṣù, àbí o rí i? Mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo máa ń bèèrè àwọn ará ilé rẹ̀, mo sì máa ń pa fóònù kí nǹkan yẹn tó dún. Mo lérò pé ó ń jíṣẹ́ fún ọ pé mo pè. Tí Kérésìmesì bá dé, jọ̀wọ́ fún un ní nǹkan, nítorí kò sí ọjọ́ Sunday kan tí mi ò bá a lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹnì kejì tó wà nínú fóònù náà, èyí tó ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí, òun ni mi ò gba tiẹ̀. Ó ní oòrùn ń ràn ní Hopesley. Mo gbé e lọ sójú fèrèsé kó fojú ara rẹ̀ rí òjò, síbẹ̀ kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ kí n mú bírò rèé. O rántí ọ̀nà ẹsẹ̀ tó gba àgbàlá Upper Mill kọjá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ orí òkè, níbi tí a sin bàbá rẹ sí. Wọ́n ti ta ilé náà. Ọ̀gbẹ́ni Farrant kan, ará Lọ́ńdọ̀nù bíi tìrẹ, ló rà á, òpin ọ̀sẹ̀ ló sì ń wá, nígbà mìíràn kì í tilẹ̀ wá. Ó fi géètì tuntun sí ibi tí àlàfo wà tẹ́lẹ̀, ó sì kan agogo dúdú kan mọ́ òpó rẹ̀, agogo tó ní ojú gíláàsì kan ṣoṣo láàárín. Ọ̀nà mọ́tò yí òkè náà po, ó jìn, orúnkún mi kò sì gbà á mọ́. Bọ́ọ̀sì tó ń gba ibẹ̀, wọ́n ti dá a dúró. Olive Beddoes, aládùúgbò wa, ní òun á fi mọ́tò gbé mi lọ, ṣùgbọ́n o mọ bí Olive ṣe ń wa mọ́tò, àti pé obìnrin tó fẹ́ lọ bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ kì í mú aládùúgbò dání. Bí mi ò bá gba Upper Mill, mi ò lè dé ọ̀dọ̀ Clifford ọkọ mi. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo bá géètì pàdé, mo tẹ agogo náà, iná búlúù sì tàn yí i ká. Mo kí i káàárọ̀, mo sọ orúkọ mi àti ibi tí mò ń lọ, mo sì dúró. A kì í wọlé onílé láìkágò, ẹni tó bá sì kágò gbọ́dọ̀ dúró gbọ́ kí onílé ní àgò yà. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Òjò ń rọ̀, mo dúró títí ọwọ́ mi fi wú, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ agogo, mo sì padà sílé. Pickle ti gba abẹ́ géètì kọjá ní tiẹ̀, ó dúró ní òdì kejì ó ń wò mí bí ẹni pé èmi ni ọgbọ́n mi kò pé.

Mo padà lọ lọ́jọ́ kejì. Mo rò ó pé bóyá ọ̀gbẹ́ni náà ṣì ń gbé ọ̀rọ̀ mi yẹ̀ wò ni, nítorí iná náà tàn, ó hàn pé ẹnì kan ń wò mí. Ẹni tó bá ń ronú, ó yẹ kí a là á yé e. Nítorí náà mo ń fi ọ̀rọ̀ kún ọ̀rọ̀ ní ojoojúmọ́. Mo sọ fún un pé àwọn òdòdó aláwọ̀ yẹ́lò ti yọ lẹ́bàá odò, pé mo fẹ́ kó díẹ̀ lọ. Mo sọ fún un nípa ọjọ́ Sunday tiwa, bí èmi àti bàbá rẹ ṣe máa ń wa mọ́tò kékeré yẹn gun orí òkè, tí a máa páàkì ní kíkọjú sí àfonífojì, tí a máa jókòó sínú mọ́tò tí a ó máa jẹ búrẹ́dì tí mo fi ẹyin sí láàárín, tí a ó máa mu tíì inú fúláàsì, tí òjò á máa lu òrùlé lé wa lórí. Ìwọ náà wà lẹ́yìn mọ́tò nígbà tí o kéré, o máa ń fi ìka yàwòrán sára gíláàsì tó rí kùrukùru. Bàbá rẹ á fi ọwọ́ kóòtù nù ún, á yọjú wo ìkùukùu, á ní ó máa dá láìpẹ́. Kò dá rí. Síbẹ̀ mi ò mọ ọjọ́ tí inú mi dùn ju àwọn ọjọ́ yẹn lọ, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún agogo. Mo tún sọ ọ̀rọ̀ rẹ fún un. Mo ní o ní ọmọbìnrin tó ń bá ọ gba fóònù, èyí fi hàn pé iṣẹ́ rẹ pọ̀, pé mi ò bínú, pé ohùn rẹ ló kàn ń wù mí gbọ́.

Nígbà tí Olive gbọ́ pé mò ń lọ dúró síwájú òpó lójoojúmọ́, ó rẹ́rìn-ín títí tíì fi dà sí i lára. Lẹ́yìn náà ni inú bí i. Ó ní ọ̀nà gbogbo ayé ni, láti ìgbà ìwáṣẹ̀, pé òfin kò ní kí ẹnikẹ́ni tọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó gba ibẹ̀. Ó ní tí ọ̀nà ẹsẹ̀ kò bá rí ẹsẹ̀, lọ́jọ́ kan wọ́n á ní kò sí níbẹ̀ rí. Mo ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àgbàlá èèyàn ni, mi ò lè kàn wọ inú rẹ̀ gbuurugbu bíi màlúù. Olive ní òun á kó gbogbo ẹgbẹ́ àwọn tó máa ń fẹsẹ̀ rin ọ̀nà òkè wa jọ, pé a ó jọ gba ibẹ̀ kọjá lọ́sàn-án gangan, kí ará Lọ́ńdọ̀nù náà mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Ní Saturday tó kọjá, gbogbo wa jáde. Àwọn àgbà ní òjò kò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa, ọjọ́ náà gan-an ló rí gbogbo wa. Ẹrẹ̀ fẹ́ bọ́ bàtà òjò lẹ́sẹ̀ àwa àgbàlagbà. Olive ló ṣáájú, ó gbé páálí kan tó kọ ọ̀rọ̀ líle sí, ṣùgbọ́n òjò ti fọ íńkì rẹ̀ kí a tó dé ibi odò, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tó wà níbẹ̀ mọ́. A dé ẹnu géètì. Olive ní ó yá, kí á wọlé. Kò sẹ́ni tó wọlé. Gbogbo wọn wo géètì, wọ́n wo agogo, wọ́n wò mí, lẹ́yìn náà ni wọ́n tò sẹ́yìn mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìlà náà gùn dé etí odò, àwọn tó wà lẹ́yìn kò tilẹ̀ mọ ohun tí à ń tò fún, ṣùgbọ́n wọ́n tò, wọ́n sì ń bu tíì fún ara wọn. Olive náà tò. Òun ló wà lẹ́yìn mi gan-an.

Mo tẹ agogo. Ìtìjú mú mi nítorí èrò, ó sì ti rẹ̀ mí, ni mo bá sọ ọ́ tán: "Ọ̀gbẹ́ni Farrant, Avis Lowther ni. Tí ẹ kò bá fẹ́ kí n kọjá, ẹ sọ fún mi. Mi ò ní wá yọ yín lẹ́nu mọ́ láti òní lọ."

Iná búlúù tàn. Ohùn ọkùnrin kan wá jáde láti inú òpó: "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Géètì yẹn kò ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ kàn tì í."

Olive na ìka kan, ó tì í. Ó ṣí.

Mi ò mọ ohun tí ìwọ ì bá ṣe, Judith, ṣùgbọ́n inú bí mi. Gbogbo ọjọ́ tí òjò fi pa mí yẹn, géètì tí kò tì ni mo dúró tì. Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi dá mi lóhùn láti ọjọ́ yìí wá. Ó ní lọ́jọ́ àkọ́kọ́ òun rò pé mo ń ta nǹkan ni. Ó ní Lọ́ńdọ̀nù lòun máa ń wà, pé inú fóònù òun lòun ti ń rí mi, pé nígbà tó yá òun máa ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti gbọ́ mi, nítorí gbogbo ẹni tó ń bá òun sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ ló ń kánjú, èmi nìkan ni mi ò kánjú.

"Tí mo bá ti dá yín lóhùn," ó ní, "ẹ ó kàn kọjá lọ ni. Ẹ ò ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Olive, tó ti ń múra ìjà láti ọ̀sẹ̀ méjì, ló kọ́kọ́ ní kó má bínú. Ọ̀gbẹ́ni Farrant náà ní kí á má bínú. Gbogbo ìlà wá ń kọjá níwájú agogo lọ́kọ̀ọ̀kan, kálukú ń ní kó má bínú, òun náà ń dá kálukú lóhùn, títí ẹni tó gbẹ̀yìn fi wọlé. Mo rò pé ìjà tí a jà nìyẹn.

Lẹ́nu ọ̀nà ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, Olive dá wọn dúró, èmi nìkan ni mo wọlé. Koríko ti bo ẹsẹ̀ òkúta ibojì bàbá rẹ. Mo fà á tu, mo fi òdòdó sínú ìgò jáàmù. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀, mo wá rí i pé ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu mi, nítorí agogo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo dúró bẹ́ẹ̀ lábẹ́ òjò, mo ní kí Clifford fojú fò ó, mo ní ó máa dá láìpẹ́.

Láti ọjọ́ náà, mo mọ̀ pé géètì kò tì, síbẹ̀ mò ń tẹ agogo ní àlọ àti àbọ̀. Ó ń dá mi lóhùn báyìí. Ó wá lánàá, ó mú kéèkì dání, ọ̀dọ́mọkùnrin ni, kò dàgbà tó ọ, ojú sì ń tì í débi pé kò rí nǹkan sọ. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà, àmọ́ ojú gíláàsì yẹn ni tiẹ̀ wà. Mo bu tíì fún un, a jọ ń wo òjò láti fèrèsé. Mo ti dárí jì í.

Mo wá ń rò ó, ọmọ mi. Olive ní kò sí ọmọbìnrin kankan tó ń bá ọ gba fóònù, pé ẹ̀rọ ni, pé tí nǹkan yẹn bá ti dún, kí n máa sọ̀rọ̀ mi lọ, wàá gbọ́ ọ. Mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni, ohùn èèyàn ni mo ń gbọ́. Ṣùgbọ́n tó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé níbẹ̀ náà, géètì tí kò tì ni mo dúró tì.

Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Owó kan ṣoṣo tí mò ń bèèrè lọ́wọ́ rẹ lọ́tẹ̀ yìí ni owó agogo. Mi ò fẹ́ kóòtù, mi ò sì fẹ́ fóònù mìíràn. Ra irú agogo Ọ̀gbẹ́ni Farrant fún mi, kí o wá kàn án mọ́ ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn níbí, kí ojú rẹ̀ sì wà nínú fóònù rẹ. Tí mo bá jáde láàárọ̀ láti lọ da omi inú ìgò tí bàbá rẹ máa ń fi wọn òjò nù, màá tẹ̀ ẹ́, màá sọ bí ilẹ̀ ṣe mọ́ bá wa.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ àlọ rẹ, kó ṣọ́ àbọ̀ rẹ, kó má jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yọ̀ lórí ilẹ̀ tútù, kó má sì fi ọ́ sí ààrin èrò tí gbogbo wọn ń kánjú. Ohun kan ló kù. Tí agogo bá dún, má ṣe bíi Ọ̀gbẹ́ni Farrant. Dá mi lóhùn kíá, Judith, orúnkún mi kò fẹ́ ìdúró, mi ò sì ní lè kúrò níbẹ̀ títí n ó fi gbọ́ ọ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Avis Lowther