Iyán Tí Mò Ń Rún Lẹ́nu

Ẹ kú ilé o, ìyá mi, ẹ sì kú ojú lọ́nà mi. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín àti fún Bàbá. Wọ́n tún ya àwòrán inú mi nílé ìwòsàn lọ́jọ́ Ajé, wọ́n sì rí ohun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀dọ̀ tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Sàkìrù, àbúrò mi, ìwọ tí ò ń ka lẹ́tà yìí fún wọn, má fo ibẹ̀ yẹn.

Ẹ mọ̀ pé wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi nítorí jẹjẹrẹ. Ohun tí ẹ kò mọ̀ ni pé gbogbo àpòlúkù, àpò tí oúnjẹ máa ń bọ́ sí, ni wọ́n yọ. Wọ́n wá so ọ̀nà ọ̀fun mọ́ ìfun. Oúnjẹ tí mo bá gbé mì kò ríbi dúró sí mọ́.

Nígbà tí mo kúrò nílé ìwòsàn, Ràṣídì, ọmọ Ìwéré-Ilé tí a jọ ń ṣiṣẹ́, gbé iyán wá fún mi. Mo jẹ ẹ́ bí ẹ ti kọ́ wa: mo ń gbé òkèlè mì. Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń bi Sàkìrù pé ṣé àgbàdo ni iyán tó ń rún. Òkèlè kẹta kò lọ. Àyà mi há, òógùn bò mí, òòyì kọ́ mi, mo sì bì gbogbo rẹ̀. Ràṣídì tó máa ń pè mí ní abìkùn-bí-àká kò rẹ́rìn-ín rárá.

Nọ́ọ̀sì ní kí n máa rún gbogbo nǹkan títí yóò fi di omi lẹ́nu, kí n máa jẹ díẹ̀díẹ̀ lemọ́lemọ́, kí n má sì mumi nígbà tí mo bá ń jẹun. Bí ògì bá ti dùn jù, òòyì á tún dé. Abẹ́rẹ́ kan wà tí n ó máa gbà títí ayé.

Mo ti padà sílé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ààbọ̀ ọjọ́ ni mò ń ṣe. Ìdí nìyí tí owó tí mò ń fi ránṣẹ́ fi dínkù. Òtútù ibí ń wọ egungun, nítorí ẹran ara tó ń dí i lọ́nà ti lọ. Àsìkò oúnjẹ ló burú jù. Èmi nìkan á jókòó ti àwo kékeré, n ó máa rún.

Lọ́jọ́ tí ẹ gbọ́ lórí fóònù pé èlùbọ́ tí ẹ fi ránṣẹ́ kò tíì tán, ẹ bi mí pé ta ló ṣẹ̀ mí. Mo mọ̀ pé nílé wa, ẹni tó bá fi oúnjẹ sílẹ̀, inú ló ń bí i. Ìyá mi, inú kò bí mi. Bí mo bá dé Ìlerò, ẹ gún iyán. Ẹ bù ú fún mi kó má ju ẹyin ẹyẹlé lọ, kí ẹ jẹ́ kí n rún un. Mo ní kí àwọn oníwèé ìròyìn tẹ lẹ́tà yìí jáde kí ìyá mìíràn tí ọmọ rẹ̀ kò jẹun tán má baà rò pé òun ló ṣẹ̀ ẹ́.

Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, àti àwọn tí ẹ jọ ń ṣa kaṣú. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹ jèrè ọmọ, àmín. Dókítà ní ó lè jẹ́ àpá iṣẹ́ abẹ lásán ni wọ́n rí, ó sì lè jẹ́ pé jẹjẹrẹ ti padà. Wọ́n ti mú díẹ̀ lára rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Bóyá n ó wálé jẹ iṣu tuntun, ọwọ́ èsì yẹn ló wà. Wọn kò tíì pè mí.

Ọmọ yín,
Múfútàù