Bí Mo Ṣe Gbé Òrùlé Ilé Wa Ka Orí Mọ́tò Ọ̀gá Rẹ

Agboolé Odùbánjọ,
Addo, lọ́nà Ajah.
Oṣù Kẹjọ, ọdún 1977.

Tàwàkálítù Àmọ̀kẹ́, ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara ọkọ rẹ le, ṣé iṣẹ́ ọ́fíìsì kò mú ọ rù jù? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí Èkó gbàgbé orúkọ rẹ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń pín oore. Bí o bá béèrè wa, a wà láàyè, a sì ń jẹun, àfi ìbàdí mi ọ̀tún tí kò fẹ́ kí n jókòó. Ìdúró ni mo fi ń kọ lẹ́tà yìí, mo tẹ́ ìwé sórí ìdí odó ìyá rẹ tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Bí o bá rí i tí ìlà ń wọ́, odó ni kò dúró déédéé, kì í ṣe pé mo ti gbàgbé ohun tí wọ́n kọ́ mi nílé-ìwé àgbà. Jọ̀wọ́, wá ibi jókòó kí o tó ka ìyókù, ìwọ tí ìdí rẹ ṣì gbà fún ọ.

Sùlè, dírẹ́bà ọ́fíìsì yín tí o bẹ ọ̀gá rẹ pé kí ó wá kó ẹrù wa kúrò létí òkun, ni yóò fún ọ ní lẹ́tà yìí. Mo mọ̀ pé wàá ti rí mọ́tò náà kí o tó rí ìwé. Má bú Sùlè. Orí èmi bàbá rẹ ni gbogbo rẹ̀ ti wá, orí tí ẹ̀yin ọmọ máa ń sọ pé ọgbọ́n ló mú kó pá.

O mọ̀ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni òkun ti ń jẹ ilẹ̀ bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ó jẹ àwọn igi àgbọn iwájú ilé, ó jẹ ilé ìdáná ìyá rẹ, nígbà tó sì kù díẹ̀ kó kan ògiri yàrá, àbúrò mi Ọláṣùpọ̀ ránṣẹ́ láti Addo pé kí a máa bọ̀, òun ti mọ yàrá méjì sílẹ̀ fún wa, òrùlé ló kù. Mo ní ìyẹn kì í ṣe wàhálà, ṣebí páànù wà lórí ilé mi, òkun kò sì tíì gun òkè débẹ̀. Ni mo bá gun ilé, mo tú gbogbo páànù, mo tú gbogbo igi tó gbé e dúró, mo tò wọ́n jọ, mo ń retí mọ́tò.

Sùlè dé. Ọmọ mi, mo rí Láńdírófà yẹn, ọkàn mi sì fà sí i. Ó rìn nínú yanrìn bí ẹni rìn nínú pálọ̀. Sùlè ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ló ń fà pọ̀, pé nínú mọ́tò mìíràn ẹsẹ̀ méjì ló ń ṣiṣẹ́, méjì tó kù kàn ń bá wọn lọ ni. Mo wá rò ó pé bí géńdé ẹlẹ́sẹ̀ méjì bá lè ru àpò gàrí kan, tí kò sì ní ẹ̀ńjìnnì nínú, kí ni ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí kò ní ọ̀lẹ kankan láàárín wọn kò ní lè rù? Irin sì wà lórí rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní káríà, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, bí ẹni pé èmi ni wọ́n ń dúró dè.

Sùlè ní kí a kó ohun tó wúwo sínú mọ́tò, kí a fi fúyẹ́fúyẹ́ sókè, nítorí kílò márùndínlọ́gọ́rin péré ni káríà náà ń gbà. Ó fi ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí hàn mí lára irin, mo sì kà á fúnra mi, 75 KG. Ṣùgbọ́n pọ́n-ùn ni wọ́n kọ́ wa nílé-ìwé àgbà. Nígbà tí ìjọba yí i padà, kò sẹ́ni tó wá sọ fún mi létí òkun. Ohun tí èmi gbọ́ ni ìkìlọ̀. Mo ní bóyá bí ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ṣe ń pe é nìyẹn. Mo ní mọ́tò yìí mà ní sùúrù o, ìkìlọ̀ márùndínlọ́gọ́rin kó tó bínú! Ìyá mi tó bí mi kò kìlọ̀ fún mi ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ kó tó fa pàṣán yọ.

Nítorí náà, nígbà tí mo to páànù sókè, tí Sùlè ní Bàbá, ó ti tó, mo kà á mọ́ ìkìlọ̀. Nígbà tí mo gbé igi lé e, ó tún sọ ọ́, mo kà á. Bẹ́ẹ̀dì onírin, odó, àpò gàrí, bẹ́ẹ̀ ni mo ń kà tí inú mi ń dùn, nítorí ìkìlọ̀ tó kù pọ̀ ju èyí tí a ti ná lọ. Kí o má baà sọ pé n kò ní àánú, mo ká àkísà ní òṣùká, mo fi sí abẹ́ ẹrù kí irin má baà dun orí mọ́tò.

Sùlè ní kí a dá a sí ìrìn méjì. Mo ní rárá. Mo gun orí ẹrù, mo fẹsẹ̀ kì í mọ́lẹ̀, mo ní ṣé ó ti rí i pé kò mì? Ó fi sùúrù sọ fún mi pé ìdúró mọ́tò yàtọ̀ sí ìrìn rẹ̀, pé tó bá ń lọ nínú gbágungbàgun ẹrù á máa fò, á máa wúwo sí i, orí á sì ju ìdí lọ. Ìyá rẹ tẹ́tí sí i títí, ó ní láti kékeré ni òun ti ń ru ẹja lọ sọ́jà, òun mọ ìgbà tí ẹrù bá fẹ́ gba ọrùn lọ́wọ́ ẹni. Ó gbé agbọ̀n ẹja rẹ̀, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo pariwo tẹ̀lé e pé eruku wa ni yóò jẹ dé Addo.

Sùlè wò mí, ó wo irùngbọ̀n mi, ẹ̀kọ́ ilé kò jẹ́ kó já mi ní koro. Ó rọra ń wà á. Èmi jókòó síwájú, mo na ọwọ́ síta, mo ń kí ẹni tó mọ̀ mí àti ẹni tí kò mọ̀ mí. Kí a tó dé Ajah ni ọ̀nà gbé dà sí apá àbàtà, tí táyà kan bọ́ sí kòtò. Mọ́tò kọ́kọ́ tẹ̀ díẹ̀, mo rò pé àgbà kan ló rí tó ń kí. Ló bá tẹ̀ sí i. Kò dọ̀bálẹ̀ o, yíìká ló yí, ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ pátápátá, òrùlé ilé mi sì fò lọ sínú àbàtà pẹ̀lú ariwo tí wọn ò ní gbàgbé lápá ibẹ̀.

Orí Sùlè ni mo já lé, ìbàdí mi sì gba ìrántí. Ojú fèrèsé òkè la gbà jáde. Ọmọ náà jókòó sílẹ̀, ó káwọ́ lérí, ó ní, "Bàbá, iṣẹ́ mi ti lọ." Gbogbo ẹ̀fẹ̀ tó wà lẹ́nu mi gbẹ. Ìgbà náà ni mo tó bi í pé kí ló ń jẹ́ kílò. Ó ní àpò sìmẹ́ńtì kan ààbọ̀ ni gbogbo ohun tí káríà yẹn lè gbé. Mo ní kí ló dé tí kò fi sọ sìmẹ́ńtì láti òwúrọ̀. Ó ní òun kò mọ̀ pé n kò gbọ́, mo ń mi orí.

Ìyá rẹ tó fẹsẹ̀ rìn ti dé Addo, ó ti dáná, ó ti se ẹja, kò rí wa. Òun ló ní kí Ọláṣùpọ̀ kó ènìyàn bọ̀. Wọ́n gbé mọ́tò dìde, ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ wó lápá kan, káríà sì ká bí ìwọ̀ ẹja. Wọ́n wá fi orí ru ilé mi, páànù kọ̀ọ̀kan lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n tò lọ gbọọrọ. Èmi ń tiro bọ̀ lẹ́yìn lọ́wọ́ òfo. Obìnrin kan létí ọ̀nà béèrè pé ilé ta ni ó ń rìn lọ yìí, mo wojú ọ̀run bí ẹni pé èmi náà fẹ́ mọ̀.

Nígbà tí a jẹun tán ni Sùlè bi mí kí ló dé tí n kò gbà kí a lọ lẹ́ẹ̀mejì. N kò lè purọ́ fún un mọ́. Mo ní ẹ̀ẹ̀kejì gan-an ni mò ń sá fún. Mo lè kúrò nílé náà lẹ́ẹ̀kan. Kí n padà wá rí i láìlórùlé, n kò rò pé mo lè ṣe é.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì Sùlè ní ìlẹ̀kùn wa ṣì wà níbẹ̀, pé ohun tó dára ni, òun á gbé mi lọ mú un. Mo fi ẹ̀gbẹ́ jókòó lọ. Ọmọ mi, omi ti wọ yàrá tí a bí ọ sí. Ó ń wọlé, ó ń jáde, kò kan ìlẹ̀kùn. Sùlè yọ ìlẹ̀kùn náà jẹ́jẹ́, ó dè é mọ́ ìyókù káríà, òun nìkan, ó sì ń tún okùn rẹ̀ dì ṣáá títí mo fi nu ojú mi tán.

Nítorí náà, bá mi ka lẹ́tà yìí sí ọ̀gá rẹ létí, má fo ibi tí mo ti gọ̀. Sọ fún un pé bí ìbàdí mi bá ti lè jókòó nínú ọkọ̀, èmi fúnra mi ń bọ̀ wá dúró níwájú rẹ̀, kí iṣẹ́ Sùlè má baà lọ. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún ìṣó àti páànù, nítorí èyí tó ká kò gbà kí òjò máa ṣàn lọ síta, àti ìpara gbígbóná fún ìbàdí. Ìyá rẹ ní kí o ra ọṣẹ fún òun. Èmi kò béèrè ọṣẹ, mo ti wẹ̀ nínú àbàtà.

Àmọ̀kẹ́, Ọlọ́run kò ní gbé ẹrù tó ju agbára rẹ lọ rù ọ́. Bí ènìyàn bá sì fẹ́ gbé e rù ọ́, kódà kó jẹ́ àgbà onírùngbọ̀n, kí Ọlọ́run fún ọ lẹ́nu tí wàá fi sọ fún un pé ó ti tó, kí ó sì fún òun létí. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ràṣídì Odùbánjọ.