Headphone Tí Mo Rà Fún Ọmọ Mi

Èmi ni mo ba iṣẹ́ ọmọ mi jẹ́, mo sì mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é ni. Ẹ má bèèrè orúkọ mi. Mo ti dàgbà ju ẹni tí wọ́n ń dójú tì ní gbangba lọ. Ẹ ṣáà gbà mí nímọ̀ràn...

Tíṣà orin ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ìkòrò-Èkìtì ni mo ń gbé pẹ̀lú ọmọbìnrin mi, ẹni tó sọ yàrá ẹ̀yìn ilé wa di studio. Ó fi fóòmù bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ bo ògiri, ó ń gba ohùn akọrin sílẹ̀. Ta wá ni oníbàárà ńlá àkọ́kọ́ tó rí? Obìnrin tó gba ipò olórí akọrin lọ́wọ́ mi ni. Èmi ni mo kọ́ ọ ní orin láti kékeré o! Òun náà ló dìde lójú gbogbo ẹgbẹ́ akọrin tó ní ohùn mi ti di ti ewúrẹ́ tí òjò ká mọ́ ìta. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá lanu ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnìkan á ké “mẹ̀ẹ̀ẹ̀” lẹ́yìn mi. Obìnrin náà wá wọlé mi, ó ní, “Yèyé, ẹ kú ulé o. Ṣé ẹ ò ní bá wa gbe orin ni? Ewúrẹ́ ṣáà wúlò lọ́jọ́ ọdún.” Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni headphone ọmọ mi bàjẹ́. Speaker rẹ̀ ti kú tẹ́lẹ̀, headphone nìkan ló fi ń gbọ́ mix rẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń da ohùn àti ìlù pọ̀ di orin kan. Mo ń lọ sí Ìjerò, ó ní kí n bá òun ra òmíràn tí kò wọ́n, oníwáyà, tó bo etí dáadáa, tí kò sì ń bu adùn kún orin, torí èyí tó bá ń dùn jù, irọ́ ló ń pa fún ẹni tó ń ṣe mix. Ọmọ tó ń tà á gbé méjì kalẹ̀, owó wọn ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Mo fi orin inú fóònù mi dán wọn wò. Ọ̀kan gbẹ, mo gbọ́ èémí akọrin, mo gbọ́ ibi tí dùùrù ti ṣìnà. Èkejì... bass rẹ̀ ń dún dé àyà. Ọmọ náà ní, “Mọ́mì, èyí ló ń jó o!” Etí mi ò tíì kú. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá fi ìyẹn ṣiṣẹ́ á rò pé bass ti pọ̀ jù, á máa dín in kù títí ohùn á fi gbẹ. Ohùn ìsàlẹ̀ tó nípọn sì ni gbogbo iyì obìnrin yẹn. Mo ra èyí tó dùn. Nígbà tí mo délé, mo sọ fún ọmọ mi pé òun nìkan ló kù.

Nígbà tí ọmọ mi ṣe orin náà tán, wọ́n gbé e sí ẹ̀rọ ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìn. Ohùn obìnrin náà tín-ín-rín... Ẹnìkan ní yànmùyánmú ti wọlé, ẹ̀rín bú. Ọjọ́ tí mo ti ń retí rèé. Àfi bí obìnrin náà ṣe di ọmọ mi lọ́wọ́ mú, ó ní kó má da ara rẹ̀ láàmú, ọ̀fun òun ló ti gbó, òun ò kọrin mọ́. Ẹ rí i? Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n gbádùn rẹ̀! Ọmọ mi ò gbà. Ó ní etí òun ni kò dára, òun ti ń tan ara òun jẹ. Ó fẹ́ ta gbogbo ohun èlò rẹ̀.

Mo ti padà lọ ra èyí tó gbẹ, ó wà lábẹ́ ìró mi nínú àpótí. Lánàá tí ọmọ mi jáde, mo fi gbọ́ ohùn obìnrin náà bó ṣe wà kó tó di mix. Ó kún. Kò gbó rárá. Ibi tí mo kọ́ ọ pé kó ti máa mí náà ló ṣì ti ń mí...

Ó ti rẹ̀ mí. Ṣé kí n gbé headphone yìí sórí tábìlì ọmọ mi kí n dákẹ́? Ṣé á gbàgbọ́ pé mo ṣèèṣì rí i ni? Bí mo bá jẹ́wọ́, á sọ fún obìnrin náà. Ṣé èmi ni kí n kọ́kọ́ bẹ ẹni tó pè mí ní ewúrẹ́, tí kò tíì bẹ̀ mí? Ẹni tó fẹ́ ra ẹrù náà ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kó tó dé.